Ẹ Mọ Irú Igbó Tí Ó Jẹ́ Kí Ẹ Tó Gbé Àdá Wọ̀ Ọ́

Nínú gbogbo ẹjọ́ igbó tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan wà tí ó ń dun ni ju ìyókù lọ. Ẹjọ́ àgbẹ̀ ni. Àgbẹ̀ a fi owó tí ó ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀. Yóò sanwó, yóò gbé ọtí àdéhùn kalẹ̀, yóò gba ìwé pélébé kan tí àwọn ẹlẹ́rìí tẹ̀ka sí. Yóò ṣán igbó, yóò gbin kòkó, kòkó a sì so. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó a dé pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́. Wọn a fi òkúta ààlà kan tí ewéko ti bò mọ́lẹ̀ hàn án, wọn a sì sọ fún un pé inú igbó ìpamọ́ ìjọba ni gbogbo làálàá rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà kì í sí nítòsí.

Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè. Ohun tí kò mọ̀ ni ó ṣe é ní ibi. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ará abúlé tí ó wà ní etí igbó ìjọba ni ó ti jẹ́ kí ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí wọ́n rò pé ohun gbogbo tí ó wà lẹ́yìn òkúta ààlà ti di èèwọ̀. Bí ti àgbẹ̀ yẹn ṣe burú, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí náà kò dára. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí ẹni tí ó mọ̀wé lè kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó sì yé tọmọdé tàgbà pé lójú òfin, igbó kò rí bákan náà. Oríṣiríṣi ni. Ohun tí ó tọ́ nínú ọ̀kan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú èkejì.

ÀWỌN BABA WA PÀÁPÀÁ PÍN IGBÓ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ pín igbó ní ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa mọ ẹgàn, èyí tí àdá kò tíì kàn rí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a ti dá rí tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Wọ́n mọ ọ̀dàn, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Wọ́n ní igbó ìgbàlẹ̀ àti igbó orò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti gé igi tàbí kí ó pa ẹran bí ó ti wù ú. Wọ́n gbin pèrègún sí ojú ààlà, ẹni tí ó bá sì hú pèrègún ààlà, gbogbo ìlú ni yóò bá a wí.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Àṣà ni ó kọ́kọ́ pa á mọ́. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, ní ọdún 2005 àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 péré ni igbó náà, ṣùgbọ́n ó dúró sáàárín ìlú ńlá nítorí pé àwọn ènìyàn mọ irú igbó tí ó jẹ́.

Ohun tí òfin òde òní fi kún un ni pé ó kọ ìpín igbó sínú ìwé, ó sì fi máàpù, òkúta ààlà àti ìtanràn tì í lẹ́yìn.

BÍ ÒFIN IGBÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní àwọn ọdún 1890, oje igi irè di ọjà olówó ńlá, nítorí rọ́bà tí àwọn òyìnbó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ya ara igi irè, wọ́n ń gba oje rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn kò jẹ́ kí igi sinmi kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jinná. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àìmọye igi irè ti gbẹ, òwò náà sì wó lulẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa rí jẹ, ìran kan ni ó jẹ ẹ́ tán láàárín ọdún díẹ̀.

Ní ọdún 1897 ìjọba Èkó gbé àbá òfin igbó jáde. Ariwo ta. Àwọn aráàlú àti àwọn ìwé ìròyìn Èkó ní ilẹ̀ ni ìjọba fẹ́ fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ rí i nígbà náà pé ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn ará oko lónìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn baba wa ti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ jáde.

Igbó Olókeméjì, ní etí odò Ògùn láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ni a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, ní ọdún 1899. Ibẹ̀ náà ni a ti kọ́kọ́ gbin igi tíìkì ní Nàìjíríà, ní ọdún 1902. Ní ọdún 1937 ni òfin igbó tí ó kún jáde fún gbogbo Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ni ó sì ṣì wà nínú àwọn òfin ìpínlẹ̀ wa títí di òní. Nígbà tí ó di ọdún 1954, àkóso igbó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ẹkùn. Lẹ́yìn tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1976, Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ jogún àwọn igbó tí ó wà nínú ààlà wọn, Ọ̀ṣun ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1991, Èkìtì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1996. Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àkóso igbó lónìí, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Iye owó ìtanràn àti owó igi lè yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ òfin náà jọra.

Ìrú igbó márùn-ún ni ó yẹ kí gbogbo ará oko mọ̀.

ÈKÍNÍ: IGBÓ ÌPAMỌ́ ÌJỌBA

Èyí ni igbó tí ìjọba fi àṣẹ yà sọ́tọ̀, tí a wọn ilẹ̀ rẹ̀, tí a ya máàpù rẹ̀, tí a sì tẹ orúkọ àti ààlà rẹ̀ sínú ìwé gàsẹ́ẹ̀tì. Igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́ ọ̀kan. Òfin tí ó yà á sọ́tọ̀ ti wà láti ọdún 1925, nígbà tí ó jẹ́ apá kan igbó Ṣàṣà. Ó tóbi ju hẹ́kítà 130,000 lọ, erin sì ṣì wà nínú rẹ̀ títí di àkókò wa yìí. Igbó Onígàmbàrí àti igbó Ìjàyè wà ní apá Ìbàdàn. Igbó Ìdànrè àti igbó Ọ̀wọ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí a lè kà tán lọ.

Ìdí tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí igi gẹdú má baà tán, kí orísun omi má baà gbẹ, kí ilẹ̀ orí òkè má sì ṣe wọ́ lọ sínú odò nígbà òjò. Kì í ṣe pé a kò gbọdọ̀ gé igi nínú wọn rárá. A lè gé e, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ní ibi tí a là sílẹ̀, kí a sì gbin òmíràn dípò rẹ̀.

ÈKEJÌ: IGBÓ ÌPAMỌ́ TI ÌGBÌMỌ̀ ÌBÍLẸ̀

Òfin ọdún 1937 fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní agbára láti ya igbó tiwọn sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ igbó tí a ń pè ní igbó ìjọba lónìí, lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, owó igi rẹ̀ sì ń wọ inú àpò ìgbìmọ̀ náà fún ìlò ìlú. Òfin tí ó de ènìyàn nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti igbó ìpamọ́ ìjọba. Àwọn àgbà tí ó bá rántí àdéhùn àtijọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti gbó.

ẸKẸTA: APÁ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Nínú igbó ìpamọ́ mìíràn, a tún ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi, dá oko tàbí ṣọdẹ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ onígẹdú tí ó ní ìwé àṣẹ. Ohun tí a fẹ́ ni kí apá kan ẹgàn wà bí Ọlọ́run ti dá a, kí àwọn onímọ̀ lè máa wò ó, kí èso igi àtijọ́ sì máa wà fún gbígbìn. Nínú igbó Omo, ìwọ̀n hẹ́kítà 460 ni a yà sọ́tọ̀ báyìí ní ọdún 1946. Ní ọdún 1977 UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé fẹ́ kí a tọ́jú. Ẹni tí ó bá ń gbé ní àyíká irú ibẹ̀, kí ó mọ̀ pé kò sí ìwé àṣẹ kankan tí ó lè gbà láti gé igi nínú rẹ̀.

ẸKẸRIN: ỌGBÀ ẸRANKO ÀTI PÁÀKÌ ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Níbí, ẹranko ni ó jẹ́ pàtàkì ìpamọ́. Páàkì Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, di páàkì orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ igbó ìpamọ́ àti ọgbà ẹranko ṣáájú. Èyí nìkan nínú àwọn márùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso, òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà sì sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ kan tó lè di páàkì orílẹ̀-èdè. Ọdẹ tí ó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ kò ní àwáwí, ìbáà jẹ́ pé baba rẹ̀ ń ṣọdẹ níbẹ̀ kí a tó yà á sọ́tọ̀.

ẸKARÙN-ÚN: IGBÓ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌPAMỌ́

Èyí ni ilẹ̀ oko wa, ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ ìlú, tí òkúta ààlà igbó ìjọba kò yí ká. Àgbẹ̀ lè ro ó, ó lè gbin ohun tí ó wù ú. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà ní ọwọ́ Gómìnà ní ipò alágbàtọ́ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ti ń lo ilẹ̀ rẹ̀ ṣáájú òfin náà ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó lọ. Bí ìjọba bá fẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ó gbọdọ̀ san owó irè oko àti ilé tí ó wà lórí rẹ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lórí ilẹ̀ yìí pàápàá, òfin dáàbò bo àwọn igi kan. Ìrókò, ọ̀gànwó àti àwọn igi gẹdú mìíràn wà lára wọn. Pé ìrókò wà ní àárín oko ẹni kò sọ pé ènìyàn lè pe onígẹdú wá ní òru kí ó sì tà á. Ó ní ìwé àṣẹ tí ó gbọdọ̀ ṣáájú.

BÍ IGBÓ ṢE Ń DI IGBÓ ÌPAMỌ́

Ẹ farabalẹ̀ ka apá yìí, nítorí ibí ni ẹ̀tọ́ ará oko wà.

Ìjọba kò lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó sọ pé igbó kan ti di tòun. Òfin ọdún 1937 la ọ̀nà tí a gbọdọ̀ tọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó kéde nínú ìwé gàsẹ́ẹ̀tì pé a fẹ́ ya ilẹ̀ báyìí báyìí sọ́tọ̀, a ó sì dárúkọ ààlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ náà. Òun ni yóò mú kí a ka ìkéde náà ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà lè wá sọ ọ́ láàárín àkókò tí a dá. Yóò gbọ́ ẹ̀rí, yóò dájọ́, ẹni tí ìdájọ́ náà kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí kóòtù tí ó ga jù. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àṣẹ ìkẹyìn yóò tó jáde.

Nínú àṣẹ náà ni a ń kọ àwọn ẹ̀tọ́ tí a gbà wọlé sí. Abúlé tí ó ti wà nínú igbó náà kí a tó yà á sọ́tọ̀ lè ní ilẹ̀ oko tí a fi ààlà yí ká fún un. A lè kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú báyìí ní ẹ̀tọ́ láti ṣa igi ìdáná, láti já ewé, láti gé pankẹ́rẹ́, láti pa ẹja nínú odò kan tàbí láti lọ sí ojúbọ wọn. Ẹ̀tọ́ tí a kọ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀ṣọ́ igbó kankan kò ní agbára láti fi ẹnu gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá sọ ní àkókò náà, òfin kà á sí òkú.

Èyí ni ó fi yẹ kí abúlé kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní etí igbó ìpamọ́ béèrè fún ẹ̀dà àṣẹ tí ó dá igbó wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ìyá tí ẹ̀ṣọ́ gba ẹrù ewé lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ìwé dá láre. Bí abúlé kò bá ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́, kí ni wọn yóò fi gbè é?

Bí a ṣe ń ya igbó sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin gbà kí a tú apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọba tí a tẹ̀ jáde nìkan ni ó lè ṣe èyí. Baálẹ̀ kò lè ṣe é, olórí ẹbí kò lè ṣe é, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ igbó pàápàá kò lè fi ẹnu lásán ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjọba ti tú igbó kan sílẹ̀, ẹ ní kí ó fi ìwé hàn yín.

OHUN TÍ ÒFIN KỌ̀ NÍNÚ IGBÓ ÌPAMỌ́

Láìsí ìwé àṣẹ tàbí ẹ̀tọ́ tí a kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí bó èèpo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣán oko, kọ́ ilé, da ẹran jẹ̀, dẹ pàkúté, ṣọdẹ, tàbí kí ó ti iná bọ igbó. Kò gbọdọ̀ hú òkúta ààlà, kò sì gbọdọ̀ pa àmì tí ó wà lára igi rẹ́. Kóòtù lè dá owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a sì lè gba igi àti irinṣẹ́ tí a bá lọ́wọ́ rẹ̀.

IGI GẸDÚ ÀTI ÒÒLÙ

Onígẹdú tí ó ń ṣiṣẹ́ bí òfin ti wí ní àmì méjì tí a lè fi mọ̀ ọ́n. Èkíní ni àmì tirẹ̀, tí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún, tí ó sì fi òòlù lù sára igi tí ó gé. Èkejì ni àmì òòlù ìjọba, tí òṣìṣẹ́ igbó máa ń lù sára gẹdú lẹ́yìn tí ó bá ti wọn igi náà tí owó rẹ̀ sì ti wọlé. A tún máa ń lu àmì sára kùkùté, kí a lè mọ ibi tí gẹdú kọ̀ọ̀kan ti wá. Gẹdú tí kò ní àmì òòlù ìjọba kò gbọdọ̀ kúrò nínú igbó, ilé ìlagi kò sì gbọdọ̀ gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará abúlé gidigidi. Nígbà tí ẹ̀rọ ayùn bá ń ké lóru, tí ọkọ̀ sì kó gẹdú lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í ṣe ìjọba nìkan ni a jà lólè. Nínú owó igi ni ó yẹ kí a ti rí ohun tún ọ̀nà oko ṣe, kí a sì rí ohun gbin igi mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrókò kì í tó gé ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún. Ẹni tí ó gbìn ín lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a lórí ìdúró. Igi tí a bá jí gé lálẹ́ ọjọ́ kan, ìran méjì ni a jẹ ní gbèsè.

OKO NÍNÚ IGBÓ ÌPAMỌ́

Ọ̀nà kan wà tí àgbẹ̀ lè gbà dáko nínú igbó ìpamọ́ láìṣẹ̀ sí òfin. Láti ilẹ̀ Bọ́mà ni a ti kọ́ ọ, a sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sapoba, ní ilẹ̀ Ẹdó, ní àwọn ọdún 1920. Ìjọba a pín ilẹ̀ fún àgbẹ̀ ní ibi tí a ti gé igi tán. Àgbẹ̀ a gbin iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, òun tàbí òṣìṣẹ́ igbó a sì gbin ọmọ igi sáàárín wọn. Bí ó ti ń ro oko rẹ̀ ni ó ń ro ìdí igi. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí òjìji igi bá ti bo ilẹ̀, yóò kó irè oko rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì fún un ní ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ oko tíìkì àti gmelina tí ó wà nínú àwọn igbó wa, ọ̀nà yìí ni a gbà gbìn wọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé irè ọlọ́dọọdún ni àdéhùn yìí wà fún. Kòkó, ọ̀pẹ àti kolà kò sí nínú rẹ̀. Ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn a gba ilẹ̀ láti gbin iṣu, ṣùgbọ́n a gbin kòkó sáàárín rẹ̀, lérò pé nígbà tí kòkó bá ti so, ojú yóò ti ìjọba láti gé e. Òfin kò mọ ojú. Kòkó kì í sọ igbó ìpamọ́ di ilẹ̀ ẹni, bó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Ó tún yẹ kí ẹni tí a pín ilẹ̀ fún gba ìwé tí ó ní orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ náà àti ọdún tí ó gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí fún owó yòówù tí ó bá san. Owó tí a bá fi sí ọwọ́ ẹnìkan lábẹ́ igi láìsí ìwé ẹ̀rí kì í ṣe owó ìjọba, kò sì lè gba ẹni tí ó san án sílẹ̀ ní ọjọ́ ìṣòro.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ní ìlẹ̀ ọ̀dàn, iná ni ọ̀tá igbó tí ó tóbi jù. Ní Olókeméjì, láti ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan sí ọ̀nà mẹ́ta láti fi wo agbára iná. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ gan-an. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀ rárá. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 28, ibi tí iná kò dé ti ń di igbó kìjikìji. Ibi tí a ń sun ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, igi ti dín kù níbẹ̀ púpọ̀, koríko ni ó gba ilẹ̀. Ibi tí a sun ní kùtùkùtù sàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí yóò sun oko, kí ó tètè sun ún, kí ó gé ọ̀nà iná yí oko ká, kí ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n jọ ṣọ́ ọ. Ọdẹ tí ó ń sun ìgbẹ́ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta nítorí ẹran ọ̀yà ń ba ilé àwọn ẹran mìíràn jẹ́.

Ẹ̀SÙN TÍ ARÁ OKO Ń SỌ

Àwọn ará oko ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni a ń mú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gẹdú ń kọjá lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní àwọn òkúta ààlà mìíràn ti sọnù, kò sì sí ẹni tí ó tún wọn rì. Wọ́n ní nígbà tí a ya igbó sọ́tọ̀, àwọn ènìyàn kò pọ̀ tó báyìí, ilẹ̀ oko sì ti há.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ojú ààlà tí kò hàn ń dá ẹjọ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́ ojúṣe ìjọba láti mú kí ó hàn. Òfin tí a fi mú aláìní tí a kò fi mú olówó, kò ní pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olè gẹdú bá pọ̀, tí àgbẹ̀ náà sì wọlé wá ṣán ìyókù, igbó kì yóò mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Yóò tán ni. Ìṣàn omi tí a ń pọn yóò fà, òjìji tí kòkó nílò yóò sì kúrò. Ẹ̀sùn tí a bá ní, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà fọwọ́ sí i, kí a sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì igbó àti sí ìjọba ìbílẹ̀, kí a fi ọjọ́, ibi àti nọ́ńbà ọkọ̀ sínú rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò ju kí a jókòó sí abẹ́ igi kí a máa kùn lọ.

KÍ Ẹ TÓ RA ILẸ̀ TÀBÍ GBA OKO

Kí àgbẹ̀ tó san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó súnmọ́ igbó ìpamọ́, kí ó kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ẹni tí ó fẹ́ tà á àti àwọn tí oko wọn pa ààlà pọ̀. Kí ó wá òkúta ààlà tàbí àmì lára igi. Bí ó bá rí igi tíìkì tàbí gmelina tí a gbìn ní ìlà gbọọrọ, kí ó fura. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì igbó tí ó súnmọ́ ọn, kí ó dárúkọ ibi tí ilẹ̀ náà wà, kí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi máàpù hàn án. Bí ó bá lè mú awọnlẹ̀ lọ́wọ́, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ó ń tà á bá ń kánjú, tí kò fẹ́ kí ó dé ọ́fíìsì igbó, ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó ti ní oko nínú igbó ìpamọ́ ṣáájú kí ó tó ka ìwé yìí, kí ó má ṣe sá, kí ó má sì ṣe fi kún oko náà. Kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ para pọ̀ lọ bá ọ́fíìsì igbó, kí wọ́n béèrè irú ilẹ̀ tí ó jẹ́, bóyá ó bọ́ sínú oko tí àṣẹ fi sílẹ̀ fún abúlé, àti bóyá ọ̀nà wà láti gba ìwé. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá béèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rọrùn ju ti ẹni tí a bá lójijì lọ.

Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò lọ béèrè ẹ̀dà àṣẹ igbó wọn ní ọ́fíìsì igbó kí ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń bọ̀ tó wọlé. Nígbà tí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n kà á fún gbogbo abúlé ní ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí òjò àti ikán kò lè dé.